Iná mànàmáná nínú ilé tí ó ń léfòó: ìdí tí òfin rẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti ilé orí ilẹ̀

Ilé tí ó ń léfòó kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi, kì í sì í ṣe ilé tí a fi òpó gbé ró sójú omi. Òpó ti wọ inú ilẹ̀, nítorí náà omi lè kún kí ó sì tún fà, ilé náà kò ní kúrò níbi tí ó wà. Ọkọ̀ ní tirẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ẹni tí ó ni ín sì máa ń yọ wáyà rẹ̀ kúrò ní èbúté nígbà tí ó bá fẹ́ ṣí. Ilé tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, irú èyí tí ó wà lórí adágún Lake Union ní ìlú Seattle tàbí ní àdúgbò IJburg ní Amsterdam, jókòó sórí kọnkéré oníhò, gẹdú tàbí irin tí ó léfòó. Wọ́n dè é mọ́ ojú kan, iná rẹ̀ sì ń ti orí ilẹ̀ wá lórí wáyà tí a so mọ́ ọn pátápátá. Ó ní ilé ìdáná, ẹ̀rọ amúmigbóná àti ẹ̀rọ ìfọṣọ bí ilé yòókù ṣe ní in, ṣùgbọ́n ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, omi sì yí i ká tọ̀sán-tòru.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ iná rẹ̀ fi máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Oníṣẹ́ iná tí ó mọ ilé orí ilẹ̀ dunjú a ṣe é bí ó ṣe ń ṣe ti ilẹ̀. Ẹni tí ó mọ ọkọ̀ dunjú a ṣe é bí ó ṣe ń ṣe ti ọkọ̀. Àwọn méjèèjì ló sì lè fi ọwọ́ ara wọn dá ewu sílẹ̀ láìmọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwé òfin iná tí wọ́n ń pè ní National Electrical Code ya irú ilé yìí sọ́tọ̀: ó ní ó jẹ́ ilé tí ó ń léfòó lójú omi, tí a dè mọ́ ibi kan títí, tí iná rẹ̀ sì ń wá lórí wáyà àsomọ́pọ̀ láti orísun tí kò sí nínú ilé náà. Orí 553 ni òfin rẹ̀ wà nínú ìwé náà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó kó o pọ̀ mọ́ ti èbúté ọkọ̀ ní orí 555 nínú àtẹ̀jáde ọdún 2020. Ìlànà àgbáyé IEC 60364, ní ìpín 709, sọ̀rọ̀ nípa èbúté ọkọ̀ àti ilé orí ọkọ̀ tí a so mọ́ iná pátápátá, orí ìlànà yẹn náà sì ni ìpín 709 nínú ìwé BS 7671 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúró lé. Òfin ibi tí ilé yín wà gan-an ni yóò mú yín, òun sì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àwọn ìwé wọ̀nyí wé ara wọn, ẹ ó rí i pé ìdí kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí wọ́n ń béèrè, ẹni tí ó bá sì lóye ìdí náà kò ní nílò kí ó máa há òfin sórí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ilẹ̀ ni iná mànàmáná máa ń wá lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí iná ti wá ni ó máa ń fẹ́ padà sí, ìyẹn tiransifọ́mà tí ó rán an jáde, gbogbo ọ̀nà tí ó bá sì ṣí sílẹ̀ fún un ni yóò gbà, èyí tí ó dẹrùn jù ni yóò gba púpọ̀ jù níbẹ̀. Nínú ilé orí ilẹ̀, wáyà nìkan ni ọ̀nà tí ó dẹrùn, nítorí pé ilẹ̀ gbígbẹ kì í jẹ́ kí iná kọjá tó bẹ́ẹ̀. Nínú ilé tí ó ń léfòó, omi fúnra rẹ̀ di ọ̀nà. Ó kan àkàbà irin tí a fi ń gun òkè láti inú omi, ó kan ẹ̀wọ̀n tí a fi so ilé, ó kan páìpù omi àti irin tí ó wà nísàlẹ̀ kọnkéré. Bí wáyà oníná kan bá bó lára tí ó sì fara kan ọ̀kan nínú àwọn irin wọ̀nyí, iná yóò gba inú omi lọ sí etídò, yóò sì gba ibẹ̀ padà sọ́dọ̀ tiransifọ́mà rẹ̀. Ẹni tí ó bá wà nínú omi náà lásìkò yẹn ti di apá kan ọ̀nà tí iná ń gbà nìyẹn.

Iye tí ó lè pa ènìyàn kéré gan-an. Gílóòbù kan tí ó jẹ́ wáàtì 60 ń gba nǹkan bí i 260 mílíáńpù lórí iná 230 fóòtì (áńpù ni a fi ń wọn ìṣàn iná, 1,000 mílíáńpù ló sì jẹ́ áńpù kan). Ṣùgbọ́n bí nǹkan bí i 10 mílíáńpù péré bá gba ara ènìyàn kọjá, iṣan rẹ̀ lè le kankan débi tí kò ní lè ju ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Bí ó bá tó 30, èémí lè bẹ̀rẹ̀ sí í há. Kí ó tó di 100, ọkàn lè ṣíwọ́ lílù bí ó ti yẹ. Ẹ wá wo bírékà lásán tí ó wà nínú ilé, tí a kọ 20 áńpù sí lára. Ogún áńpù jẹ́ 20,000 mílíáńpù. Bírékà yìí lè jókòó jẹ́ẹ́ láì já nígbà tí ìṣàn iná tí ó tó láti pa ènìyàn mẹ́wàá ń jò sínú omi, nítorí pé wáyà ni wọ́n ṣe é láti dáàbò bò kí ó má baà gbóná di iná ọmọ ọ̀rara, wọn kò ṣe é fún ènìyàn.

Omi tí kò níyọ̀ ló léwu jù lọ fún ẹni tí ó ń lúwẹ̀ẹ́. Ó lè ya ni lẹ́nu, nítorí pé a mọ̀ pé omi oníyọ̀ ló ń gbé iná dáadáa. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ara ènìyàn kún fún omi oníyọ̀: nínú òkun, omi tí ó yí ara ká gbé iná ju ara lọ, nítorí náà iná gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, nínú odò àti adágún, ara ló gbé iná ju omi lọ, nítorí náà iná yà wọ inú ara. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kì í sábà ní àpá kankan, ojú ẹni tí ó rì sómi ni a fi ń wò ó, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹnikẹ́ni kò sì ní ronú pé kí a yẹ iná èbúté wò. Ẹ̀wù amúniléfòó kò lè gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ èyí, nítorí pé orí rẹ̀ lè wà lókè omi kí ọkàn rẹ̀ sì ti dákẹ́.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù lọ ni wáyà níútírà àti wáyà ilẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní earth. Níútírà ni ọ̀nà tí iná ń gbà padà lójoojúmọ́, lẹ́yìn tí ó bá ti ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tán. Wáyà ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ìṣàn iná nínú rárá àfi lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Ó wà níbẹ̀ kí iná tí ó bá ṣìnà lè rí ojú títì padà sílé kíákíá, kí ó sì pọ̀ tó láti já bírékà. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, a máa ń so àwọn méjèèjì pọ̀ ní ojú kan ṣoṣo, ní ibi tí iná ti kọ́kọ́ wọlé. Nínú ilé orí ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pánẹ́ẹ̀lì ńlá, ìyẹn àpótí tí bírékà wà nínú rẹ̀, tí ó wà lára ògiri ilé. Ṣùgbọ́n òfin ti ilé tí ó ń léfòó ní kí súwíìṣì àgbà wà ní tòsí ilé náà, kí ó má ṣe wà nínú rẹ̀ tàbí lórí rẹ̀. Bí ilé bá ń rì, tàbí tí iná ń jó o, tàbí tí ènìyàn ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀ nínú omi, ó yẹ kí a lè pa iná láti ibi tí ẹsẹ̀ wa ti dúró gbọn-in, láì wọ inú ewu náà. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ súwíìṣì àgbà yẹn, lórí ilẹ̀, ni a ti gbọ́dọ̀ so níútírà àti wáyà ilẹ̀ pọ̀. Láti ibẹ̀ dé inú ilé, ọ̀tọ̀ ni kí kálukú wọn máa lọ, kí rọ́bà bo méjèèjì, kí wọ́n má sì tún pàdé mọ́.

Oníṣẹ́ iná tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ilé orí ilẹ̀ a dé inú ilé tí ó ń léfòó, a rí pánẹ́ẹ̀lì, a sì so méjèèjì pọ̀ níbẹ̀ bí ó ṣe máa ń ṣe. Nígbà mìíràn, kò tilẹ̀ ní ṣe ohunkóhun: ìdè irin kékeré tàbí síkúrù aláwọ̀ ewé kan tí ó so méjèèjì pọ̀ ti wà nínú pánẹ́ẹ̀lì láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, a sì gbàgbé láti yọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni iná tí ó yẹ kí ó gba níútírà padà yóò ti máa pín ara rẹ̀: púpọ̀ yóò gba níútírà, ìyókù yóò gba wáyà ilẹ̀, yóò gba àkàbà, ẹ̀wọ̀n àti omi. Kò sí gílóòbù tí yóò ṣókùnkùn, kò sí ẹ̀rọ tí yóò bàjẹ́, ilé yóò sì máa ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ pẹ̀lú iná nínú omi. Bí wọ́n bá ní kí n yan ohun kan ṣoṣo tí mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò nínú ilé tí ó ń léfòó, ìdè yìí ni. Ẹ tún wo ẹ̀rọ ìdáná oníná àti ẹ̀rọ tí ń gbẹ aṣọ, pàápàá àwọn ti àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, nítorí pé wọ́n so níútírà wọn mọ́ ara irin ẹ̀rọ náà nígbà kan rí.

Yàtọ̀ sí èyí, òfin béèrè pé kí a fi wáyà so gbogbo irin tí ó kan omi, gbogbo páìpù onírin àti gbogbo ara irin tí iná lè fara kan, mọ́ ojú ìdè wáyà ilẹ̀ inú pánẹ́ẹ̀lì. Àwọn onílé kan máa ń kọ̀ jálẹ̀ pé kí ni a fẹ́ fi iná so mọ́ àkàbà tí ọmọ ń gùn. Mo mọ bí ẹ̀rù náà ṣe rí, ṣùgbọ́n òdìkejì ni òótọ́. Irin tí a so dáadáa kò lè dá iná dúró sára, nítorí pé bí wáyà oníná bá kàn án, ìṣàn tí ó pọ̀ gidi yóò sáré padà, bírékà yóò sì já lójú ẹsẹ̀. Irin tí a kò so ni yóò gbé iná dání ní ìdákẹ́jẹ́ títí ọwọ́ ènìyàn yóò fi kàn án. Àwọn mìíràn rò pé kí a sáà ti ri ọ̀pá bàbà kan mọ́ ìsàlẹ̀ adágún, ó ti parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: bí ọ̀nà tí ó gba ọ̀pá náà bá ní ìdènà 25 ohm, iná 230 fóòtì kò lè rán ju nǹkan bí i 9 áńpù lọ gba ibẹ̀. Bírékà 20 áńpù kò ní já. Irin náà yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú iná lára rẹ̀, omi tí ó yí ọ̀pá ká yóò sì máa gbé iná náà kiri.

Lẹ́yìn wáyà ilẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ iná tó ń jò, tí wọ́n ń pè ní RCD ní Yúróòpù àti GFCI ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ti akápò tí ó ń ka owó tí ó jáde àti owó tí ó wọlé: iye iná tí ó gba wáyà oníná lọ ni ó gbọ́dọ̀ gba níútírà padà, bí kò bá sì pé, a jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ni ìyókù gbà, akápò náà yóò sì pa gbogbo rẹ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Charles Dalziel, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì California ní Berkeley, tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wádìí iye iná tí ọwọ́ ènìyàn kò fi ní lè ju wáyà mọ́, ni ó ṣe irú GFCI náà ní 1961.

Nọ́ńbà tí a kọ sára àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń dá ìdààmú sílẹ̀. GFCI tí ó wà lára sókẹ́ẹ̀tì ilé ìwẹ̀ ń já láàárín 4 sí 6 mílíáńpù, nítorí pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ gan-an ni ó ń dáàbò bò. RCD ti 30 mílíáńpù ni ìlànà IEC béèrè fún ìlà iná kọ̀ọ̀kan tí ó lọ sí ilé orí ọkọ̀ tí a so pátápátá, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀, kí ẹ̀bi ilé kan má baà pa ti gbogbo èbúté. Òfin Amẹ́ríkà láti 2020 tún béèrè èyí tí kò ju 100 mílíáńpù lọ fún ìlà ńlá tí ó ń bọ́ èbúté, èyí tí ó wà fún mímú jíjò tí ó ti pọ̀. Èyí tí ó ga kò lè gba iṣẹ́ èyí tí ó kéré ṣe. Bí èyí tí ó kéré bá sì ń já lemọ́lemọ́, kì í ṣe òun ló yẹ kí a yọ sọnù. Kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti ẹ̀rọ amúlétutù kọ̀ọ̀kan máa ń jò díẹ̀ nítorí bí a ṣe kọ́ wọn, jíjò wọn a sì parapọ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a pín wọn sórí ìlà púpọ̀. Ó sì tún lè jẹ́ pé ìdè níútírà àti wáyà ilẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló wà nínú pánẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ onílé ló ń ra RCD tuntun, tí ó já ní kété tí wọ́n tan iná, tí wọ́n sì dá a padà fún ẹni tí ó tà á pé kò dára, nígbà tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni ohun àkọ́kọ́ tí ó sọ òótọ́ fún wọn nípa ilé náà. Bọ́tìnì ìdánwò wà lára ẹ̀rọ yìí. Kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù, nítorí pé ọ̀rinrin àti iyọ̀ ojú omi lè mú kí ó gan sójú kan.

Ọ̀rọ̀ wáyà tí ó ti etídò wá kan ìrìn ilé náà. Òfin kò sọ ju pé kí ọ̀nà iná náà lè tẹ̀, kí ó sì máa bá ilé lọ, tí ìgbì àti àyípadà omi kò fi ní sọ ọ́ di ewu, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó wà nínú gbólóhùn yẹn pọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí omi máa ń fà dé jù àti ibi tí ó máa ń kún dé jù, títí kan ọdún àkúnya, kí gígùn wáyà tó láti dé méjèèjì láì fà le, kí ó má sì fi ara wọ́ inú omi nígbà tí omi bá wà láàárín. Irú wáyà tí a ṣe fún iṣẹ́ wúwo, fún ibi tútù àti fún oòrùn ni a ń lò, èyí tí bàbà inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀ fọ́nrán tín-ínrín. Bàbà olójú kan yóò ṣẹ́ nínú rọ́bà lẹ́yìn títẹ̀ púpọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i. Wáyà ìfàgùn ilé kò sí níbẹ̀ rárá. Kò gbọdọ̀ sí ìsopọ̀ kankan lórí omi, ohun mìíràn ni kí ó sì gbé ìwúwo wáyà, kì í ṣe ẹnu ìdè tí ó ti wọ pánẹ́ẹ̀lì.

Ibi tí ó yẹ kí ẹ tẹjú mọ́ jù ni orígun afárá, níbi tí pátákó tí a ń rìn gun ilé ti ń ká sókè sódò. Ẹ fi ọwọ́ tọ́ rọ́bà wáyà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná ní etídò. Bí ó bá ń dán tí ó sì ti pẹlẹbẹ lápá kan, ó ń ha nǹkan lára nìyẹn. Bí ó bá ní ìlà wẹ́wẹ́ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, oòrùn ti gbó o. Bí ẹ bá rí i pé bàbà ti di dúdú tàbí aláwọ̀ ewé ní ẹnu ìdè, omi ti wọlé, wáyà náà sì lè ti jẹrà jìnnà sínú ju ibi tí ojú ń rí. Pípààrọ̀ gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ ṣe. Téèpù kò tún un ṣe.

Ní ti gíga tí sókẹ́ẹ̀tì àti àpótí ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ wà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le. Ìlànà Amẹ́ríkà fa ìlà kan tí kì í jẹ́ kí ohun tí kò lè wọ omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀: 606 mílímítà lókè ibi tí omi máa ń kún dé jù nígbà tí nǹkan bá wà bí ó ṣe máa ń wà, tàbí, fún èbúté tí ó ń léfòó, 762 mílímítà lókè omi àti ó kéré tán 305 lókè pátákó. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí sókẹ́ẹ̀tì wà ní mítà kan lókè omi tí ó ga jù, ṣùgbọ́n ó gba 300 mílímítà lórí èbúté tí ó ń léfòó bí a bá dáàbò bò ó lọ́wọ́ omi tí ń ta. Àmì IPX ń sọ bí àpótí ṣe lè dènà omi tó: àpótí tí omi ń ta sí ni a ń kọ IPX4 sí, IPX5 fún ibi tí wọ́n ti ń fi rọ́bà omi fọ nǹkan, IPX6 fún ibi tí ìgbì ń gbá.

Ọ̀rọ̀ ìpẹtà gba sùúrù, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń fi ọwọ́ ara wọn gé ààbò wọn. Bí irin méjì tí kò jọra bá wà nínú omi kan náà tí wáyà sì so wọ́n pọ̀, wọ́n ti di bátìrì: èyí tí kò lágbára tó èkejì yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi. Wáyà ilẹ̀ èbúté so irin abẹ́ ilé yín mọ́ irin ilé gbogbo àwọn aládùúgbò, nítorí náà irin yín lè máa jẹrà nítorí bàbà ilé kẹta. Ẹni tí ó bá ti ná owó ńlá sórí irin abẹ́ ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ẹnì kan sì wá sọ fún un pé wáyà ilẹ̀ ló fà á, ó rọrùn fún un láti gé e. Irin náà yóò sì dẹ́kun jíjẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí ẹ̀rọ amúmigbóná kan ṣoṣo bá bó nínú, kò sí ọ̀nà tí ó ṣẹ́kù fún iná bí kò ṣe omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e.

Ọ̀nà méjì tí ó tọ́ wà. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní galvanic isolator, tí a ń fi sójú ọ̀nà wáyà ilẹ̀: ó ń dí iná DC kékeré (irú iná ti bátìrì) tí ń jẹ irin, ṣùgbọ́n bí ìṣàn ńlá bá dé, ó ń jẹ́ kí ó kọjá. Ẹ ra irú èyí tí ó jẹ́ pé bí ó bá bàjẹ́, yóò ṣì máa gbé ìṣàn ìjàǹbá kọjá. Èkejì ni tiransifọ́mà ìyàsọ́tọ̀, tí iná etídò ń gbà wọlé láì sí wáyà kankan tí ó so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀. Ó wúwo, ó sì wọ́n, síbẹ̀ òun ni mo fara mọ́ jù fún ilé tí ó dúró lórí irin, nítorí pé ó ń ṣe ju ìpẹtà lọ. Iná tí ó bá jò nínú ilé náà kò ní ìdí kankan láti gba omi lọ sí etídò mọ́. Tiransifọ́mà inú ilé ni ó ti wá, ibẹ̀ ni yóò wá padà sí. Nítorí èyí náà ni a fi ń so níútírà àti wáyà ilẹ̀ pọ̀ lẹ́nu tiransifọ́mà yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé. Kò tako ohun tí mo sọ lókè. Ẹ̀gbẹ́ orísun tí ó ń bọ́ ilé lọ́wọ́lọ́wọ́ ni ìdè náà máa ń wà, ojú kan ṣoṣo sì ni. Fún irin tí a fi rúbọ kí ìyókù lè pẹ́, síǹkì ló bá omi òkun mu, magnẹ́síọ̀mù ló bá omi tí kò níyọ̀ mu. Ẹni tí yóò wọ omi lọ yẹ̀ ẹ́ wò kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ kí a tó pa iná èbúté.

Ìlànà orísun yìí kan náà ló mú jẹnẹrétọ̀ àti ìnfátà sólà: nígbà tí wọ́n bá ń bọ́ ilé, lọ́dọ̀ wọn ni ìdè ń wà, nígbà tí iná etídò bá dé, kí súwíìṣì ìpààrọ̀ yọ ọ́ kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti iná jẹnẹrétọ̀ gba ẹnu sókẹ́ẹ̀tì wọlé, nítorí pé yóò gba ìlà èbúté jáde lọ bá ẹni tí ó ń tún un ṣe. Ilé tí ó bá ní pọ́ǹpù tí ń fa omi kúrò nínú ìpìlẹ̀ oníhò rẹ̀ ní láti fún pọ́ǹpù náà ní ìlà tirẹ̀, bátìrì tirẹ̀ àti agogo ìkìlọ̀, kí jíjá RCD kan nígbà tí onílé wà lẹ́yìn odi má baà di rírì ilé.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé iná ń jò sínú omi? Mítà kan wà tí wọ́n ń pè ní clamp meter, tí ẹnu rẹ̀ ń là tí a sì fi ń gbá wáyà mọ́ra láì gé e. Kí ó jẹ́ irú èyí tí ó lè ka mílíáńpù. Oníṣẹ́ iná yóò gbá gbogbo wáyà tí ó lọ sí ilé náà mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà, oníná, níútírà àti wáyà ilẹ̀ nínú rọ́bà kan. Ìṣàn tí ó lọ àti èyí tí ó bọ̀ yóò pa ara wọn rẹ́ nínú mítà, ó sì yẹ kí ó ka òdo. Iye yòówù tí ó bá kà jẹ́ ìṣàn tí kò gba inú wáyà náà padà, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí ó fẹ́ gbà ju omi àti irin èbúté lọ. Kí ó wá tan ẹ̀rọ inú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa wo mítà. Bí nọ́ńbà bá fò sókè nígbà tí ẹ̀rọ amúmigbóná tàn, a ti mú olè náà. Bí ó bá fò sókè nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé wà ní pípa, kí ó lọ wo ilé kejì, nítorí pé irin abẹ́ ilé yín lè máa gbé ìṣàn aládùúgbò padà.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún lílúwẹ̀ẹ́ ni pé ilé yín lè péye pátápátá kí iná sì wà lẹ́sẹ̀ àkàbà yín láti ilé ẹlòmíràn. Òfin Amẹ́ríkà ní kí pátákó ìkìlọ̀ wà ní èbúté pé ìṣàn iná lè wà nínú omi. Ẹ má ṣe lúwẹ̀ẹ́ níbi tí iná èbúté wà ní títàn, bí ó ti wù kí omi náà mọ́ tó. Bí ẹni tí ó wà nínú omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé ara òun ń ṣe gìrìgìrì, kí ó kígbe fún àwọn yòókù, kí ó ká ẹsẹ̀ mọ́ra, kí ó sì padà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ èbúté, kí ó má ṣe di àkàbà irin mú. Ẹni tí ó wà lókè kò gbọdọ̀ bẹ́ sínú omi lọ gbà á. Ọ̀pọ̀ olùgbàlà ló ti bá ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà kú. Súwíìṣì etídò ni kí ó kọ́kọ́ sáré lọ pa, kí ẹlòmíràn pe àwọn olùrànlọ́wọ́ pàjáwìrì, kí wọ́n ju ohun tí ó ń léfòó sí i tàbí kí wọ́n na igi gbígbẹ gígùn sí i. Bí wọ́n bá fà á jáde tí kò mí, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láyà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé ọkàn tí iná dá dúró ṣì lè padà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, kí iná èbúté wà ní pípa títí tí oníṣẹ́ iná tí ó mọ ti orí omi yóò fi gbá ilé kọ̀ọ̀kan mọ́ra pẹ̀lú mítà rẹ̀. Kí ó má ṣe gba kíkà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo gbọ́. Ẹ̀rọ amúmigbóná, ẹ̀rọ amúlétutù àti pọ́ǹpù ń tàn, wọ́n ń kú fúnra wọn, èyí tí ó ń jò lè ti kú lásìkò tí mítà ń ka òdo, kí ó sì tún tàn ní wákàtí kan lẹ́yìn tí ó bá ti lọ. Òun ni yóò fi ọwọ́ tan olúkúlùkù wọn, ilé kan lẹ́yìn èkejì, kí ó tó gbà kí a dá iná padà.